Máṣíìnì Ìránṣọ Àtijọ́ àti Tábìlì Onígi Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ni máṣíìnì Singer dúdú kan ti wà ní kọ̀rọ̀, tó jẹ́ ogún láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tàbí bàbá tó ṣe iṣẹ́ télọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ tún un ṣe, àti àwọn tó ń rà á kiri láti kó o jọ, sábà máa ń béèrè àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Singer la fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, nítorí òun la mọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ẹ ó rí i pé ìmọ̀ràn kan ń padà wá nínú ìdáhùn wọ̀nyí: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un lépo, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bọ́ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i lára láti ilé-iṣẹ́ dànù. Ẹ má sì gbàgbé tábìlì, nítorí òun làwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fi dáná.

Ọdún wo ni máṣíìnì gbọ́dọ̀ ti jáde kí a tó kà á sí ti àtijọ́?

Kò sí òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń fi ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe ààlà, àwọn mìíràn kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Ààlà tó wúlò jù lójú tiwa ni ohun tí wọ́n fi ṣe inú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni ike ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò irin nínú gíà ọ̀pọ̀ máṣíìnì ilé, ike yìí sì máa ń sán bó bá gbó. Irin látòkè délẹ̀ ni èyí tó ṣáájú ìgbà náà, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé jí dìde lẹ́yìn tó ti jókòó sínú yàrá ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nọ́ńbà kan wà lára máṣíìnì mi. Kí ló ń sọ?

Ó ń sọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo orí pèpéle irin rẹ̀ lápá ọ̀tún, nítòsí ìdí apá tó gbé wíìlì dúró. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀ láìsí lẹ́tà níwájú rẹ̀, ó ti jáde ṣáájú ọdún 1900, nítorí ọdún náà ni Singer bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ṣáájú nọ́ńbà. Lẹ́tà F, J, S, V tàbí Y, àti lẹ́tà méjì tó fi E bẹ̀rẹ̀, bí EC tàbí EF, ń tọ́ka sí Clydebank ní Scotland. G jẹ́ ti Elizabeth ní New Jersey, Amẹ́ríkà, nígbà tí C jẹ́ ti Wittenberge ní Jámánì.

Kò yani lẹ́nu pé ti Clydebank la sábà máa ń rí ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà nígbà tí wọ́n ń kó wọn wọlé. Agbègbè tí wọ́n ń pè ní Kilbowie ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1882, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1885, wọ́n sì tì í pa ní 1980. Láyé ìgbà tirẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ máṣíìnì ìránṣọ tó tóbi tó o lágbàáyé, títí dòní ni ibùdókọ̀ ojú irin tó wà nítòsí rẹ̀ sì ń jẹ́ Singer. K tí ẹ ń rí nínú orúkọ ẹ̀yà máṣíìnì bíi 15K, 66K tàbí 201K, Kilbowie yẹn ló dúró fún.

Ẹgbẹ́ àwọn akójọ-máṣíìnì tí wọ́n ń pè ní ISMACS ní àkójọ nọ́ńbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ lè fi wá ọdún tiyín. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n pín ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan fún ilé-iṣẹ́ ni ẹ ó rí níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí máṣíìnì yín gan-an jáde. Bí àmì rẹ̀ bá ní òrùka aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ 1851 sí 1951 sí, ìyẹn ni àmì ọgọ́rùn-ún ọdún ilé-iṣẹ́ náà. Àmì náà dára láti ní, àmọ́ kò sọ máṣíìnì náà di ohun ọ̀wọ́n, nítorí èyí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pọ̀ gan-an.

Báwo ni mo ṣe lè mọ irú èyí tí mo ní?

Ẹ wo ibi tí bọ́bìnì, ìyẹn irin kékeré tí a ń wé òwú ìsàlẹ̀ mọ́, ń gbé. Bí ẹ bá fa irin pẹlẹbẹ tó wà lójú pèpéle sẹ́yìn, tí ẹ sì bá ọ̀kọ̀ tóóró kan níbẹ̀ tó dà bí ọ̀kọ̀ aláṣọ òfì, tí bọ́bìnì inú rẹ̀ gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yà 27, 28, 127 tàbí 128 nìyẹn. Bí bọ́bìnì bá rí roboto, tó sì jẹ́ pé láti abẹ́ lápá òsì lẹ ti ń fi sí i pẹ̀lú ilé rẹ̀, ẹ̀yà 15 ni. Bí roboto náà bá ń wọlé láti òkè, ẹ̀yà 66, 99 tàbí 201 ni. 99 kéré sí 66, a sì lè gbé e rìn.

Fún ẹni tó fẹ́ fi máṣíìnì rẹ̀ ránṣọ, ẹ̀yà 15 la ó kọ́kọ́ tọ́ka sí. Àwọn ará Japan ṣe àwòkọ rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Ṣáínà náà sì ṣe tiwọn. Butterfly tí gbogbo télọ̀ mọ̀, ara ẹ̀yà 15 ni wọ́n ti wò ó ṣe. Nítorí náà, bọ́bìnì, ilé bọ́bìnì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara tí wọ́n ń tà fún Butterfly ní ọjà ni yóò bá Singer bàbá yín mu.

Wọ́n ní “red mercury”, ìyẹn mẹ́kúrì pupa, wà nínú Singer àtijọ́, pé owó ńlá ni. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ pátápátá ni. Ní 2009, àhesọ yìí tàn ká Saudi Arabia débi pé owó máṣíìnì àlòkù ga kọjá àlà, tí àwọn kan ń gbé fóònù sún mọ́ abẹ́rẹ́ láti wò ó bóyá ìlà yóò já. Irin, igi àti epo ló wà nínú máṣíìnì ìránṣọ, kò sí ibi tí mẹ́kúrì kankan ń gbé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ tú tiyín wò nítorí rẹ̀, tàbí tó ní òun fẹ́ rà á ní iye tí kò bójú mu, gbájúẹ̀ ni.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ẹ yí wíìlì pẹ̀lú ọwọ́ sọ́dọ̀ ara yín. Bí ó bá yí, kódà tó bá le, ìròyìn ayọ̀ ni. Bí kò bá yí rárá, kò túmọ̀ sí pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ẹ fi dúnàádúrà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orí rẹ̀, ìyẹn máṣíìnì gan-an láìka tábìlì mọ́ ọn, sẹ́yìn kí ẹ wo abẹ́: epo tó ti gan di àwọ̀ oyin kò léwu, ṣùgbọ́n ìpẹtà tó ti jẹ irin ní kòtò kòtò lára ọ̀pá abẹ́rẹ́ tàbí níbi họ́ọ̀kù, irin tó ń mú òwú lábẹ́ abẹ́rẹ́, kò ṣeé gbójú fò. Ẹ wá ibi tó sán lára irin, ní pàtàkì ibi tí ìdè mú orí mọ́ tábìlì àti lára ẹsẹ̀ irin ìsàlẹ̀.

Ohun tó sọnù ló ń dá ni lóró jù. Ọ̀kọ̀ ẹ̀yà 27 àti bọ́bìnì gígùn rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, nítorí náà bí wọn kò bá sí nínú dúrọ́ọ̀, ẹ rò ó dáadáa. Ti ẹ̀yà 15 kò gbọdọ̀ kó ìdààmú bá yín.

Wíìlì ti há, kò yí rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi agbára yí i, ẹ má sì fi òòlù kàn án. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á: òwú tó ti wé mọ́ ìdí họ́ọ̀kù, àti epo àtijọ́ tó ti gan bí àtè láàárín àwọn irin tó ń fara kan ara wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi òwú. Ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ yọ bọ́bìnì àti ilé rẹ̀, kí ẹ tú irin tó di họ́ọ̀kù mú, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí fọ́nrán òwú dúdú kan tó ti wọ inú àlàfo tóóró, tó ti le nítorí epo, tí ojú lásán lè rò pé ara irin ni. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ọwọ́ tú u jáde díẹ̀díẹ̀.

Bí òwú kọ́ ni, epo ni. Ẹ kán kẹrosíìnì sí gbogbo ihò epo àti gbogbo ibi tí irin ti ń yí nínú irin: òkè, abẹ́, àti ẹ̀yìn ìdérí tó wà lápá òsì. Ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun gbóná sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ nu kẹrosíìnì tó ṣẹ́ kù kúrò, nítorí iná àti kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ pàdé. Lẹ́yìn èyí, ẹ mi wíìlì síwá sẹ́yìn bí ìka ọwọ́ méjì bá ṣe lè tì í tó. Bó bá sún bí ìwọ̀n ìrẹsì kan, ó ti ń jí. Ẹ tún kán an, ẹ tún mi ín. Èyí tó há gan-an lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sùúrù sì dín owó wẹ́ẹ̀dà kù.

Bó bá ti yí tán, iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí kẹrosíìnì ń fọ irin ni, kì í dáàbò bò ó. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi epo máṣíìnì gidi, èyí tó mọ́ gaara, kán ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́kàn-ánkán. Òróró ìsebẹ̀ kò dára rárá, òun gan-an ló ń gan. Epo ẹ́ńjìnì mọ́tò náà nípọn jù.

Bí máṣíìnì bá yí ṣùgbọ́n tí wíìlì ń yí lásán láìgbé abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti tú ìdè àárín rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, ẹ wo irin pẹlẹbẹ oníhò tó wà lábẹ́ ìdè náà. Ẹ yí i ní ìlàjì, kí ẹ dá a padà. Ó ní ojú tó gbọdọ̀ kọ.

Báwo ni kí n ṣe fọ ara dúdú àti àwòrán aláwọ̀ wúrà rẹ̀?

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ohun tí kò ṣeé rà padà jẹ́. Ọ̀dà dúdú náà ní bítúmẹ́nì nínú, nínú ààrò ni wọ́n sì ti yan án le mọ́ irin. Orí rẹ̀ ni wọ́n lẹ àwòrán wúrà mọ́, ìbáà ṣe ọ̀nà òdòdó tàbí àwòrán Sphinx ti ilẹ̀ Íjíbítì tó wà lára àwọn ẹ̀yà 27 àti 127 mìíràn. Wọ́n wá fi ṣẹ́lákì, irú fáníìṣì kan, bo gbogbo rẹ̀ kó lè dán. Ṣẹ́lákì yìí ni ààbò àwòrán náà, spírítì sì ń yọ́ ọ. Ẹni tó bá fi spírítì, tínà, bílíìṣì tàbí ọṣẹ olóró nù ún yóò rí wúrà Singer lára àkísà rẹ̀.

Epo máṣíìnì ni kí ẹ lò. Ẹ rẹ òwú irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń lò sínú rẹ̀, kí ẹ fi pa ibi kékeré kan lẹ́yìn, níbi tí ojú kì í tètè dé. Bí òwú náà bá jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí dúdú tàbí àwọ̀ bí ti tíì, ẹ máa bá a lọ. Bí nǹkan bá ń dán bíi wúrà lára òwú, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè fi epo sílẹ̀ lórí ìdọ̀tí tó gbẹ fún ọjọ́ kan kó lè rọ̀, kí ẹ tó nù ún láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tó ṣì kù lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó wà. Àwọn irin tó funfun, bí ìdérí ẹ̀gbẹ́ àti etí wíìlì, lè gba pọ́líìṣì irin, ṣùgbọ́n ẹ tú wọn kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó fi pa wọ́n.

Ṣé kí n kun ún lọ́dà tuntun?

Rárá, àfi bí àwòrán rẹ̀ bá ti tán pátápátá tí ìpẹtà sì ti gba ara rẹ̀. A ti rí máṣíìnì tí wọ́n fi ọ̀dà mọ́tò kùn ní pupa, tó sì ń dán gbinrin. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n wọ́n ti bo nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀dà ti dí ihò epo rẹ̀, àwòrán tó ti lo ọgọ́rin ọdún lórí rẹ̀ kò sì lè padà wá mọ́. Ibi tí ọwọ́ télọ̀ ti pa dán níwájú pèpéle kì í ṣe àbùkù. Ẹ má bò ó.

Ojú tábìlì rẹ̀ ti wú, ó sì ń ṣí. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ó ṣeé ṣe. Èyí tó wá láti ilé-iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ odindi pákó. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí káfíńtà ń pè ní fíníà, ti óákù tàbí walnut, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ orí igi mìíràn. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ igi yìí jẹ́ fún Singer: láti 1868 ni wọ́n ti ní ilé-iṣẹ́ tábìlì ní South Bend, ìpínlẹ̀ Indiana, pákó tó wà nílẹ̀ ní Clydebank náà sì pọ̀ débi pé nígbà tí àwọn ará Jámánì ju bọ́ǹbù sí ìlú náà ní òru ọjọ́ 13 àti 14 oṣù Kẹta, 1941, ọgbà pákó Singer wà lára ohun tí iná jó.

Àtè tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran ni wọ́n fi lẹ fíníà náà, ooru àti omi sì ń tú u. Ohun tó bà á jẹ́ yìí náà la ó fi tún un ṣe. Bí ó bá wú ṣùgbọ́n tí kò tíì ya, ẹ tẹ́ aṣọ tó rin díẹ̀ lé e, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àtè àtijọ́ yóò rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ẹ fi ọ̀rá tàbí pépà alábẹ́là bò ó, kí ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ àti ẹrù tó wúwo lé e títí di ọjọ́ kejì. Bí àtè náà bá ti kú, tí kò mú mọ́, ẹ fi ọ̀bẹ tóóró ki àtè tuntun sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dè é mọ́lẹ̀. Níbi tí fíníà ti já dànù, káfíńtà tó mọ iṣẹ́ yóò gé èyí tuntun ní ìbámu pẹ̀lú bí iṣan igi ṣe lọ, yóò sì gé etí rẹ̀ ní ìdagun, kì í ṣe ní ìgun mẹ́rin gígún, kí ojú má baà tètè rí oríkèé rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà gbé ẹ̀rọ oní-sánpépà sórí fíníà. Ó fẹ́lẹ́ ju bí ẹ ti rò lọ, ìgbà kan péré ni yóò já a dé pákó ìsàlẹ̀. Kí ẹ tó bó ọ̀dà dídán rẹ̀, ẹ fi spírítì kán ibi kan tó fara pamọ́. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ìka, ṣẹ́lákì ni, kò sì sí ìdí láti bó o: búrọ́ọ̀ṣì tó rin díẹ̀ pẹ̀lú spírítì yóò mú kó yọ́ padà kó sì tẹ́, ẹ ó sì fi ṣẹ́lákì tuntun díẹ̀ parí rẹ̀. Spírítì tó ń ba àwòrán orí máṣíìnì jẹ́ ló ń tún tábìlì ṣe, nítorí náà ẹ gbé orí kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tábìlì tèmi kò ní fíníà, ó wúwo, ó sì dà bí iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Ṣé kí n wá ti òyìnbó rọ́pò rẹ̀?

Lójú tiwa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tábìlì òyìnbó ló ti jẹrà, tí káfíńtà wa sì kan òmíràn sórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ìrókò, ọ̀gànwó, ọmọ̀ tàbí afàrà. Ìtàn máṣíìnì náà ni èyí jẹ́. Ìrókò sì tún ní àǹfààní pé ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀.

Mo rí ihò wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀fun igi lábẹ́ dúrọ́ọ̀.

Ẹ gbá ìyẹ̀fun náà kúrò, kí ẹ tẹ́ pépà dúdú síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí òmíràn bá tún dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ ya tábìlì náà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn igi ilé yòókù, kí ẹ sì fi oògùn kòkòrò igi tí káfíńtà ń lò kun ibi tí kò dán, ní ìta gbangba. Bí ikán bá ti jẹ igi náà di ihò nínú, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ fi òmíràn dí i.

Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ń dún, bẹ́líìtì sì ti já.

Dídún náà, epo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ kán an sí etí méjèèjì pẹ́dàlì, sí àárín wíìlì ńlá àti sí orí òpó tó so wọ́n pọ̀. Bẹ́líìtì aláwọ ẹran tó rí roboto, tó nípọn tó mìlímítà 5, ló yẹ ẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gé e, kí ẹ fi irin kékeré rẹ̀ so ó. Kò gbọdọ̀ fún jù: bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó lè lọ sínú díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá sán, kì í ṣe wẹ́ẹ̀dà ẹ̀gbẹ́ títì lásán ló lè jó o, nítorí irin dídà ni. Ẹ wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń jó irú rẹ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀ yóò tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá.

Gbogbo nǹkan ti ń yí, ṣùgbọ́n ó ń fo ojú ìránṣọ.

Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ilé tí wọ́n ń tà lónìí bá ẹ̀yà 15, 27, 66, 99 àti 201 mu, ṣùgbọ́n ojú tó yẹ kó kọ yàtọ̀ sí ti máṣíìnì ìgbàlódé. Ọ̀nà tóóró tó gùn lára abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí òwú ti ń wọlé. Nínú ẹ̀yà 15, láti ọ̀tún sí òsì ni a ń ki òwú bọ̀ ọ́. Nínú 27 àti 127, láti òsì sí ọ̀tún ni. Bí ìyẹn bá ti tọ́, ẹ rán ìṣẹ́po ànkárá méjì pẹ̀lú òwú àwọ̀ méjì. Kò yẹ kí òwú ìsàlẹ̀ hàn lókè, kò sì yẹ kí tòkè hàn nísàlẹ̀.

Mo fẹ́ kó èyí tí mo rà ní ìlú òyìnbó wá sílé. Kí ni kí n kíyè sí?

Bí ó bá ní mọ́tò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, pàápàá Featherweight 221 tó kọ́kọ́ jáde ní 1933, fólìtì 110 ló ń lò, iná wa yóò sì jó o bí kò bá sí tráńsífọ́mà. Èyí tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì, 221K, kò ní ìṣòro yìí. Wáyà onírọ́bà àtijọ́ máa ń gbẹ, ó sì máa ń ya, nítorí náà kí oníná pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná.

Ní ti dídì í, ẹ má fi orí sórí tábìlì nínú ẹrù. Irin tó so wọ́n pọ̀ ni yóò ya igi bí wọ́n bá jù ú nílẹ̀ ní èbúté. Ẹ tú ìdè méjèèjì tó wà lẹ́yìn, ẹ gbé orí jáde, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì yọ ọ̀kọ̀, bọ́bìnì àti àwọn irin kéékèèké sínú àpò kan tí ẹ ó so mọ́ ọn. Ẹ yọ àwọn dúrọ́ọ̀ náà, kí ẹ wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá kò dára fún igi nínú kọ̀ǹténà, nítorí òógùn inú rẹ̀ yóò tú fíníà. Aṣọ àti páálí ni kí ẹ lò.